Ọ̀nà tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Tọ̀: Ìtàn Ìmọ̀ Kan àti Ìlò Rẹ̀ ní Kíláàsì Wa

Lọ́dọọdún, nígbà tí a bá dé orí ẹ̀kọ́ ìrìn ẹ̀jẹ̀ nínú ara ènìyàn àti ìrìn oje nínú igi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa ya àwòrán ọkàn sínú ìwé wọn. Wọn a fi àwọ̀ pupa kun apá kan, wọn a fi àwọ̀ búlúù kun apá kejì, wọn a sì kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè pé, "Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó kúrò nínú ọkàn ń padà sínú ọkàn?" kẹ́kẹ́ a pa mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n mọ èsì, wọn kò mọ ẹ̀rí.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe rí ìmọ̀ yìí gan-an ni ọ̀nà tó dára jù lọ láti fi kọ́ ọ. Ó lé ní 1400 ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Nígbà tí òtítọ́ sì hàn, okùn, ìṣirò àti ìka ọwọ́ méjì ni ohun èlò tó pọ̀ jù nínú èyí tí a fi rí i. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní yàrá àyẹ̀wò, tí kò ní iná mànàmáná pàápàá, lè tún iṣẹ́ náà ṣe lójú àwọn ọmọ.

Ohun tí Galen fi kọ́ ayé

Ní ọdún 129 ni a bí Galen ní Pergamon, ìlú kan tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní. Oníṣègùn tó ń sọ èdè Gíríìkì ni, ó sì ṣiṣẹ́ ní Róòmù títí ó fi di oníṣègùn àwọn ọba ibẹ̀. Kí a tó sọ àṣìṣe rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ iṣẹ́ rere rẹ̀. Òun ló fi hàn kedere pé ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú àwọn iṣan tó ń lù, nígbà tí àwọn kan ṣáájú rẹ̀ ń sọ pé afẹ́fẹ́ ni.

Galen kò la òkú ènìyàn. Ọ̀bọ, ẹlẹ́dẹ̀ àti irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ló là, ó sì fi ohun tó rí lára wọn ṣàlàyé ara ènìyàn. Ó kọ́ni pé ẹ̀dọ̀ ló ń sọ oúnjẹ di ẹ̀jẹ̀. Pé láti inú ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba inú iṣan lọ sí gbogbo ara. Pé ara a sì fà á mu tán, bí ilẹ̀ oko ti ń fa omi mu. Èyí tí ara bá ti lò, ó tán nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ a tún ṣe òmíràn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń gba inú ògiri tó wà láàárín ọkàn kọjá láti apá ọ̀tún sí apá òsì, nínú àwọn ihò kéékèèké tí ojú kò lè rí.

Kò yẹ kí a fi Galen ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ. Àlàyé rẹ̀ bá ohun tí ojú ń rí mu. Ẹni tí kò bá rí oúnjẹ gidi jẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a dín kù. Àwọn ìyá wa pàápàá mọ ewébẹ̀ tí wọ́n ń sè fún abiyamọ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ èrò tiwọn kí a tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sọ ohun tó jọ ti Galen. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sá lọ mọ́ Galen lọ́wọ́: ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nínú ọkàn, èló ni?

Láti Káírò dé Padua

Ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó kọ ọ́ sínú ìwé pé Galen ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ ògiri ọkàn kì í ṣe ará Yúróòpù. Ibn al-Nafis ni, tí a bí ní agbègbè Damásíkù ní ọdún 1213, tó sì ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Káírò, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, títí ó fi kú ní ọdún 1288. Ní ọdún 1242, nínú ìwé tó fi ṣàlàyé iṣẹ́ Ibn Sina lórí ẹ̀yà ara, ó sọ pé ògiri náà nípọn, kò sì ní ihò kankan, ìbáà ṣe èyí tí a lè rí tàbí èyí tí a kò lè rí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò ní apá ọ̀tún ọkàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó pàdé afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kí ó tó padà sí apá òsì. Ohun tí ìwé Faransé wa ń pè ní "petite circulation" nìyẹn, ó sì ti wà nínú ìwé Lárúbáwá ní nǹkan bí 400 ọdún ṣáájú Harvey.

Ìwé náà wà nínú àpótí àwọn ìwé àtijọ́, ayé sì gbàgbé rẹ̀. Ọdún 1924 ni ọmọ Íjíbítì kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Jámánì, Muhyi al-Din al-Tatawi, rí ẹ̀dà rẹ̀ kan ní Bẹ̀lín, tó sì pe àkíyèsí àwọn ọ̀mọ̀wé sí i. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbọ́ èyí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rò pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò gba ilẹ̀ Áfíríkà kọjá rí.

Ní Yúróòpù, Michael Servetus, ọmọ ilẹ̀ Spéìn, kọ irú ọ̀rọ̀ kan náà ní ọdún 1553, nínú ìwé ẹ̀sìn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dáná sun ún ní Geneva nítorí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn rẹ̀. Realdo Colombo sọ ọ́ nínú ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1559. Ní ọdún 1603, Fabricius, olùkọ́ ní yunifásítì Padua ní Ítálì, tẹ ìwé jáde lórí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà nínú iṣan apá àti ẹsẹ̀. Ó rí wọn dáadáa, ó sì yà wọ́n. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìlànà Galen ló ń tẹ̀ lé, ó rò pé ṣe ni wọ́n ń dín eré ẹ̀jẹ̀ kù kí gbogbo rẹ̀ má baà wọ́ jọ sí ẹsẹ̀.

Ọkùnrin tó ṣírò

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba oyè ní Padua ní ọdún 1602 ni William Harvey, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1578. Ní ọdún 1628, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde ní Frankfurt ní èdè Látìn, lórí bí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú ẹranko. Inú ìwé yìí ni ó ti dáhùn ìbéèrè tí Galen kò bèèrè.

Ó wo iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn lè gbà. Lẹ́yìn náà ó mọ̀ọ́mọ̀ mú iye tó kéré gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó bù mọ́ ọn, ó ní kí a gbà pé ìwọ̀nba díẹ̀ yìí ni ọkàn ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù. Ọkàn a máa lù ju ìgbà 1000 lọ láàárín ìdajì wákàtí. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po, ó sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó jáde láàárín àkókò kúkúrú yẹn ju gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ara lọ. Níbo ni ẹ̀dọ̀ ti fẹ́ rí oúnjẹ tí yóò sọ di ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Bí gbogbo rẹ̀ bá sì ń wọ inú ara láìpadà, báwo ni ara kò ṣe ní bẹ́? Kò sí ọ̀nà mìíràn: ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ, òun náà ló ń bọ̀.

Harvey tún pe àwọn alápatà ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ní bí wọ́n bá dúńbú màlúù, kí ìdámẹ́rin wákàtí tó pé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tán nínú iṣan. Àwọn alápatà wa ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́ mọ èyí, wọ́n sì mọ èyí tó tẹ̀ lé e: ẹran tó ti kú kí ọ̀bẹ tó kàn án kì í da ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde ti dákẹ́.

Ìṣirò Harvey yìí rọrùn láti ṣe ní kíláàsì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ó ka bí ó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan. Ká ní ó ka 72. Ọkàn àgbàlagbà tó wà nísinmi ń ti nǹkan bíi mìlílítà 70 jáde nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi èyí ṣe ìṣirò, 72 lọ́nà 70 jẹ́ mìlílítà 5040, ìyẹn lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí kan, ó di lítà 302. Bídọ́ọ̀n olómi lítà 25 méjìlá ni yóò kún fọ́fọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ. Bí àwọn ọmọ bá ti fi ọwọ́ ara wọn ka iye yìí, àwọn fúnra wọn ni yóò sọ pé, "Ó ní láti jẹ́ pé ó ń padà ni." Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ báyìí kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Okùn lára apá

Harvey kò fi mọ sórí ìṣirò. Ó di okùn mọ́ apá ènìyàn, lókè ìgúnpá. Bí okùn náà bá le pinpin, ọrùn ọwọ́ kò ní lù mọ́, ọwọ́ a sì máa tutù. Bí ó bá dẹ okùn náà díẹ̀, ọrùn ọwọ́ a tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ọwọ́ a pọ́n, a wú, àwọn iṣan tó wà nísàlẹ̀ okùn a sì yọ síta. Ìdí rẹ̀ nìyí: iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá wà nínú lọ́hùn-ún, okùn líle nìkan ló lè dí i, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà wà ní òkè ara, okùn tó dẹ̀ díẹ̀ ti tó láti dí i. Ẹ̀jẹ̀ wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, ló fi wú.

A kò gba olùkọ́ níyànjú pé kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ máa di okùn mọ́ra wọn. Ìdánwò kejì tí Harvey ṣe ti tó, kò sì léwu. Kí ẹni tí iṣan rẹ̀ hàn dáadáa na ọwọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí ó fi ìka kan tẹ iṣan kan lápá mọ́lẹ̀, kí ó fi ìka kejì fa ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lọ sí ìhà ìgúnpá, kí ó sì gbé ìka kejì yìí kúrò. Bí ilẹ̀kùn kékeré bá wà níbi tó fà á dé, apá iṣan náà a dúró lófìfo; ẹ̀jẹ̀ tó wà lókè kò ní lè padà sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá gbé ìka àkọ́kọ́ kúrò, ẹ̀jẹ̀ a ti ìhà ọwọ́ wá kún un lójú ẹsẹ̀. Ohun tí Fabricius rí tí kò lóye nìyẹn. Ìhà ọkàn nìkan ni àwọn ilẹ̀kùn náà ṣí sí.

Ẹ̀kọ́ okùn yìí ní ìlò tó ju ìdánwò lọ. Ní àwọn abúlé wa, bí ejò bá bu àgbẹ̀ jẹ, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé kí wọ́n di okùn le mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Ọmọ tó bá lóye ìdánwò Harvey mọ ohun tí okùn líle ń ṣe: ó ń dí ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ẹsẹ̀ wà láàyè, bí ó bá sì pẹ́ lára, ẹran ara ibẹ̀ lè kú. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a fi ẹni náà lọ́kàn balẹ̀, kí a má jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ náà rìn, kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbá ẹsẹ̀ náà dúró láìfún un, kí a sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tó bá sọ èyí nílé, tó sì lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ti ṣe iṣẹ́ tí máàkì ìdánwò kò lè san.

Àríyànjiyàn ní Paris

Àwọn oníṣègùn kò gba Harvey tọwọ́tẹsẹ̀. Ní Paris, Jean Riolan, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìṣègùn tó lókìkí jù lọ nígbà náà, bá a jiyàn gidigidi. René Descartes gba ìrìn ẹ̀jẹ̀ gbọ́ nínú ìwé "Discours de la méthode" ní ọdún 1637, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fara mọ́ àlàyé Harvey lórí ohun tó ń mú ọkàn lù. Ní ọdún 1673, Molière fi àwọn oníṣègùn tó kọ̀ láti gbà á ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí ìtàgé nínú "Le Malade imaginaire": ó fi bàbá kan hàn tó ń yin ọmọ rẹ̀ nítorí pé ọmọ náà kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa ìrìn ẹ̀jẹ̀. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni ọba Louis XIV jẹ́ kí Pierre Dionis máa kọ́ni ní ìmọ̀ tuntun náà ní gbangba ní Jardin du Roi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ka Molière àti Descartes lọ́dọ̀ olùkọ́ èdè Faransé, wọ́n sì ń kọ́ ìrìn ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó yẹ kí olùkọ́ méjèèjì jọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ ọ pọ̀.

Ohun kan kù tí Harvey kò rí: ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ́ láti inú iṣan tó ń lọ sínú iṣan tó ń bọ̀. Ẹ̀rí ti jẹ́ kó dá a lójú pé ọ̀nà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú ní ọdún 1657 láìfojú kàn án. Ní ọdún 1661, Marcello Malpighi fi awò amú-nǹkan-tóbi wo ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́ ní Bologna, ó sì rí àwọn iṣan tín-ín-rín tó so méjèèjì pọ̀.

Igi kò ní ọkàn

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Harvey tàn kálẹ̀, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé oje igi náà ń yí po bí ẹ̀jẹ̀. Stephen Hales, àlùfáà ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo òṣùwọ̀n láti wádìí rẹ̀. Ó gbin òdòdó sunflower sínú ìkòkò tó bò lẹ́nu kí omi má baà ti ibẹ̀ fẹ́ lọ, ó sì ń wọn ìkòkò náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó rí i pé ojú ewé ni omi ń gbà lọ, àti pé ọ̀sán ló ń lọ jù. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1727. Buffon túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé ní ọdún 1735. Hales sọ pé oje igi kì í yí po bí ẹ̀jẹ̀ ẹranko. Ní ọdún 1894, Henry Dixon àti John Joly ní Dublin ṣàlàyé pé omi tó ń fẹ́ kúrò lójú ewé ló ń fa omi tó wà nísàlẹ̀ gòkè láti ìdí igi.

Malpighi náà ti ṣe ìdánwò tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ láìka ìwé. Ó bó èèpo igi yí ká, ó sì rí i pé ibi tó wà lókè ojú bíbó náà wú. Inú igi gan-an ni omi ń gbà gòkè. Inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ṣe ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igi tí a bó èèpo rẹ̀ yí ká kì í fi í kú lọ́jọ́ kan: ewé rẹ̀ a ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀ nítorí omi ṣì ń gòkè, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ti ń pebi. Àgbẹ̀ tó fẹ́ pa igi ńlá lóko láìgé e mọ èyí. Ẹni tó fẹ́ èèpo ọ̀gànwó fún egbòogi náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kí ó gba díẹ̀ ní apá kan ṣoṣo, kí igi lè wà fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀pẹ kò tẹ̀ lé ìlànà yìí, nítorí ọ̀nà omi àti ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ fọ́n ká inú igi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè tirẹ̀ fún wa. Kò sí adùn nínú omi ilẹ̀. Kí ló dé tí ẹmu tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fi ń dùn? Ta ló fi ṣúgà sí i? Ewé ló fi oòrùn ṣe é, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ibi tí ọ̀pẹ ti ń hù tàbí tó ti ń yọ òdòdó. Ojú ọ̀nà ni adẹ́mu ti dá a dúró. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ "sève brute" àti "sève élaborée" pẹ̀lú igbá ẹmu, kò sí ọmọ Ṣábẹ́ tàbí ti Pọ́bẹ̀ tí kò ní lóye.

Ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ ọ

Èdè Faransé ni ìdánwò wa, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣàlàyé ní Yorùbá, ó yẹ kí a ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò. Ọ̀rọ̀ náà "iṣan" ní iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́nu wa: a ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ń pe ohun tó so ẹran mọ́ egungun bẹ́ẹ̀, a sì ń pe èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, wọn a dàpọ̀ mọ́ ọmọ lójú.

Àbá tiwa ni pé kí a máa pe "artère" ní iṣan àlọ, kí a sì máa pe "veine" ní iṣan àbọ̀. Èyí yóò tún àṣìṣe kan ṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìwé ìdánwò. Nítorí àwọ̀ pupa àti búlúù inú àwòrán, àwọn ọmọ rò pé ẹ̀jẹ̀ pupa tó ní atẹ́gùn ló sọ iṣan di "artère". Bí wọ́n bá wá dé ọ̀dọ̀ èyí tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọn a pòrúurùu. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sí iṣan àlọ kò ní ìṣòro. Iṣan tó bá ń kúrò nínú ọkàn, àlọ ni. Èyí tó bá ń padà sínú rẹ̀, àbọ̀ ni, ohun yòówù tí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ìbáà jẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí a kò tíì kó jọ. Ohun tí àwọn adẹ́mu ń pè ní oje ní Ìfàńhìn lè yàtọ̀ sí ti Ìdàáṣà. Àwọn alápatà Kétu lè ní orúkọ fún iṣan ọrùn màlúù tí a kò gbọ́ rí ní Àtàkpàmé. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ẹ bi àwọn àgbà léèrè, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn àti orúkọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí àwọn ọ̀rọ̀ náà bá pọ̀ tó, a ó tò wọ́n sínú ìwé ìròyìn yìí, Yorùbá lápá kan, Faransé lápá kejì, kí olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún tó ń bọ̀ lè rí i lò.